Kí ló dé tí dídúró fi di ẹ̀bi? Ọ̀rọ̀ lórí ìjàǹbá bàálù kékeré ní Columbia, 2008

Ọmọ Dírẹ́bà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ka àbájáde ìwádìí tí NTSB, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, gbé jáde ní ọdún 2010, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ là mí lọ́yẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo méjìlá òru lù, bàálù kékeré kan, Learjet 60, fẹ́ gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Columbia ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ó ń lọ sí Van Nuys ní California. Ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, awakọ̀ méjì àti èrò mẹ́rin. Bí ó ṣe ń sáré lọ lórí rọ́nwéè ni táyà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, awakọ̀ àgbà sì pinnu pé àwọn kò ní gbéra mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Ó kọjá òpin rọ́nwéè, ó wó àwọn iná atọ́nà, ó fa ọgbà ya, ó ré títì ńlá kan kọjá, ó sì lọ forí sọ òkìtì ilẹ̀ tó wà ní òdì kejì, ni iná bá sọ. Awakọ̀ méjèèjì àti èrò méjì bá a lọ. Èrò méjì tó yọ, Travis Barker tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin Blink-182 àti Adam Goldstein tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí DJ AM, jóná gidigidi.

Ohun tí kò yé mi nìyí. NTSB ní ohun méjì ló fà á ní pàtàkì. Èkíní ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù náà ṣòwò kò tọ́jú táyà rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí yé mi. Èkejì ni pé awakọ̀ àgbà dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn tó ti kọjá ìwọ̀n eré kan tí wọ́n ń pè ní V1. Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Nígbà tí nǹkan bá ń bú gbàù lábẹ́ ọkọ̀, tí ilẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, báwo ni yóò ṣe jẹ́ pé ẹni tó ní òun kò lọ mọ́ ni yóò jẹ̀bi, tí ẹni tó bá gbé e lọ sójú òfuurufú kò ní jẹ̀bi?

Mẹkáníìkì Àgbà

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, n ó sì gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe wà.

Kí bàálù tó kúrò níbi tó dúró sí, àwọn awakọ̀ yóò ti ṣírò ìwọ̀n eré kan tó bá ọjọ́ náà mu, tó bá ẹrù inú ọkọ̀ mu, tó sì bá gígùn rọ́nwéè mu. Ìwọ̀n eré yẹn ni V1. Bí nǹkan bá bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, àyè ṣì wà láti fi bíréèkì dá a dúró kí rọ́nwéè tó tán. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá rẹ̀, àyè yẹn ti tán, bí ojú tilẹ̀ ṣì ń rí rọ́nwéè rẹpẹtẹ níwájú. Nítorí náà, igbákejì awakọ̀ máa ń pe V1 sókè, awakọ̀ àgbà á sì gbọ́wọ́ kúrò lórí ọ̀pá iná ẹ́ńjìnnì, kí ọwọ́ má baà fa ọ̀pá náà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rù bá dé. Láti ìgbà yẹn lọ, òfin iṣẹ́ ni pé kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n yanjú ìṣòro náà lójú òfuurufú, kí wọ́n sì padà wá balẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gígùn rọ́nwéè níwájú wọn.

Rọ́nwéè Columbia tí wọ́n lò lálẹ́ ọjọ́ náà gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8,600. Kò kúrú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wò ó: táyà ni bíréèkì ń fi di ilẹ̀ mú. Táyà tó bẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú. Ẹni tó dá bàálù dúró nítorí pé táyà bẹ́ ń gbára lé ohun tó ti bàjẹ́ gan-an láti gbà á là. Ẹ̀wẹ̀, bàálù tí táyà rẹ̀ bẹ́ lè fò, nítorí pé ìyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì kò bá táyà ṣe àjọṣe kankan lójú òfuurufú.

Àbẹ̀kẹ́ Houston

Bàbá Mẹkáníìkì, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo gba àlàyé yín, àmọ́ inú mi kò dùn sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri, bí ẹni pé obìnrin tó wa bàálù náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, ṣùgbọ́n nǹkan bí wákàtí 35 péré ni ó tíì lò nínú irú Learjet yìí. Ìwádìí náà fi hàn pé láàárín ìgbà tí wọ́n pe V1 àti ìgbà tí ariwo táyà àkọ́kọ́ dún, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ ka ení, ẹ ka èjì. Ó ti parí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ̀rọ bá ké lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn: ohun tí wọ́n bá ti kọ́ ọ, tí o sì ti ṣe ní ìgbà púpọ̀, ni ọwọ́ rẹ máa ṣe, ohun tí wọn kò kọ́ ọ kò lè ti ibì kankan wá. NTSB fúnra wọn kọ ọ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fún àwọn awakọ̀ nínú iṣẹ́ náà lápapọ̀ kò kún tó lórí ọ̀ràn táyà tó bẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó kú ni wọ́n máa ń fi dán wọn wò ṣáá. Ẹ́ńjìnnì tó kú kì í bú gbàù lábẹ́ ìjókòó, kì í sì í mi gbogbo ọkọ̀ jìgìjìgì. Ẹni tí kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé táyà lásán ni, pé kì í ṣe pé ọkọ̀ ń tú?

Mẹkáníìkì Àgbà

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, n kò sì ní bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n máa lọ. Ohùn méjì ló wà nínú yàrá awakọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, wọn kò sì rí ọ̀nà láti sọ ọ́ di ọ̀kan. NTSB ka àìfìmọ̀ṣọ̀kan yìí mọ́ àwọn ohun tó dá kún ìjàǹbá náà. Mo ń sọ ọ́ nítorí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà ní tòótọ́, ẹnìkan nínú wọn sì rí i. N kò sọ ọ́ láti di ẹrù lé òkú lórí.

Táyélolú

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tó ń ya èmi lẹ́nu. Mo rí i kà pé, lẹ́yìn tí awakọ̀ ti fa ọ̀pá láti fi ẹ́ńjìnnì dá ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ síwájú. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé awakọ̀ ń ṣe ohun kan, ẹ̀rọ ń ṣe òdì kejì rẹ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà

Òótọ́ ni, Táyélolú, n ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkàn mi ti máa ń gbọgbẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí.

Bàálù oní-jẹ́ẹ̀tì ní ohun tí a ń pè ní rìfáàsì. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, awakọ̀ lè ṣí ìdérí kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lè yí padà sí iwájú, kí ó sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí ìdérí yẹn bá ṣí lójú òfuurufú, ewu ńlá ni, nítorí náà ni wọ́n fi so ó mọ́ sẹ́nsọ̀ tó wà lára ẹsẹ̀ bàálù. Sẹ́nsọ̀ yìí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá ọkọ̀ wà nílẹ̀ tàbí ó wà lókè. Bó bá ní ọkọ̀ wà lókè, rìfáàsì á pa dé fúnra rẹ̀.

Ní Columbia, àjákù táyà tó ń fò káàkiri fọ́ àwọn ohun tó wà nínú ihò tí ẹsẹ̀ bàálù máa ń ká sí, títí kan ọ̀nà tí sẹ́nsọ̀ yìí fi ń ránṣẹ́. Bàálù wà nílẹ̀, ó ń fi irin rímù họ ọ̀dà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbà pé ó ti wà lókè. Rìfáàsì pa dé. Ọ̀pá tí awakọ̀ fà kò kúrò níbi tó fà á sí, ẹ́ńjìnnì sì gba ìyẹn bí àṣẹ láti lo agbára púpọ̀. Agbára tó sún mọ́ èyí tí wọ́n fi ń gbéra ló tún ń ti ọkọ̀ síwájú, nígbà tí àwọn méjèèjì rò pé ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, Learjet 60 mìíràn balẹ̀ ní Troy ní ìpínlẹ̀ Alabama, ó kọlu àgbọ̀nrín lórí rọ́nwéè, ohun tó wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ṣe irú nǹkan yìí kan náà. Ọdún méje wà láàárín. NTSB kọ ọ́ ní gbangba pé ilé-iṣẹ́ Learjet, àti FAA tó ń fọwọ́ sí bàálù ní Amẹ́ríkà, kò yẹ ọ̀ràn náà wò jinlẹ̀ tó lẹ́yìn ti 2001 láti mọ ibi tí àléébù wà kí wọ́n sì tún un ṣe.

Àbẹ̀kẹ́ Houston

Ọdún méje! Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí n dá arábìnrin yẹn lẹ́bi, ohun tí ẹ kọ yìí ni n ó kà sí i létí.

Bàbá Fọkanáísà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èmi náà láyè. Èmi kò mọ bàálù, ṣùgbọ́n mo mọ táyà. Ó di ọdún kejìlélógún tí mo ti ń jókòó ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Abẹ́òkúta.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó kì í fi hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa tẹ̀ tí yóò sì máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ooru á máa gbá jọ sínú rẹ̀, rọ́bà á sì máa ṣí kúrò lára okùn tí wọ́n fi hun ún. Bí mo bá tú irú táyà bẹ́ẹ̀ kúrò lára rímù, mo máa ń rí rọ́bà dúdú tó ti lọ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́ nínú rẹ̀, bí mo bá sì fọwọ́ ra á, àwọ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìka mi títí di alẹ́. Oní táyà á máa bá mi jà pé ìta rẹ̀ ṣì dára. Ìta rẹ̀ dára lóòótọ́. Inú ló ti kú.

Ó tún wá burú jù níbi tí táyà méjì bá ti so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bíi ti ẹ̀yìn tírélà. Èyí tó le á máa gbé ẹrù èyí tó rọ̀, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn dírẹ́bà àgbà fi máa ń fi irin lu wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbéra, tí wọ́n á dẹtí sí bó ṣe dún. Bí ọ̀kan bá bẹ́, ìkejì kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ wá sọ fún mi: báwo ni táyà bàálù yẹn ṣe wà, afẹ́fẹ́ mélòó ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, mélòó ni wọ́n sì bá?

Mẹkáníìkì Àgbà

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ ti sọ ìdajì ìwádìí náà láìkà á. Méjì méjì ni táyà rẹ̀ so pọ̀ ní abẹ́ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì bẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 200 páùn lórí géèjì. Ìṣirò àwọn olùwádìí fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 140. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó ti jò dànù.

Kò sì sí ìṣó kankan níbẹ̀. Irú táyà yìí máa ń jò fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le púpọ̀. Ara táyà gan-an nìyẹn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́ léraléra, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti wọ̀n ọ́ kẹ́yìn.

Ọmọ Dírẹ́bà

Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, ṣé awakọ̀ kò lè fi géèjì wọn táyà fúnra rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ni? Bàbá mi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìbàdàn sí Kano fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ọjọ́ tí kì í yí ọkọ̀ rẹ̀ po. Ọjọ́ kan tí táyà ẹ̀yìn bẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lójú eré, èmi ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì pátápátá, tó di ìdarí mú títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, tó sì ń sọ pé, “Má tẹ̀ ẹ́, má tẹ̀ ẹ́,” bí ẹni ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ rìn jìnnà kó tó dúró jẹ́ẹ́. Ìsinsìnyí tí mo ń ka àlàyé V1 yìí ni mo mọ̀ pé ohun tí mo wá béèrè lọ́wọ́ yín, mo ti fojú mi rí ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọdé.

Mẹkáníìkì Àgbà

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ nípa géèjì ni ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa béèrè. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nígbà náà, FAA ka wíwọn táyà irú bàálù yìí sí iṣẹ́ àtúnṣe, wọn kò sì gba awakọ̀ tó ń gbé èrò fún owó láyè láti ṣe iṣẹ́ àtúnṣe. Mẹkáníìkì nìkan ni òfin fún ní àṣẹ. Bàálù kékeré aláyálò sì lè máa ti ìlú kan bọ́ sí ìlú mìíràn fún ọjọ́ púpọ̀ láìpadà sí ibi tí mẹkáníìkì rẹ̀ wà. Awakọ̀ lè yí ọkọ̀ po, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wo táyà títí ojú rẹ̀ á fi rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ kò ní sọ ohunkóhun fún un, bí Bàbá Fọkanáísà ṣe wí.

NTSB rọ FAA láti gba àwọn awakọ̀ wọ̀nyí láyè láti máa wọn táyà fúnra wọn, kí ó sì pọn dandan pé kí bàálù ní ẹ̀rọ tí yóò máa fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà han awakọ̀ níbi tó jókòó sí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Táyélolú

Ohun kan wà tí a kò tíì fẹnu bà: ibi tí bàálù máa ń já sí bó bá sáré kọjá òpin rọ́nwéè, bíi ti Columbia yìí. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kejì ọdún 2005, bàálù Challenger kan kùnà láti gbéra ní Teterboro ní New Jersey, ó ré títì márosẹ̀ Route 46 kọjá, ó sì wọ inú ilé ìkẹ́rùsí kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kọnkéré fífúyẹ́ tí ń rún wómúwómú lábẹ́ táyà sí òpin rọ́nwéè níbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2010, Gulfstream kan sáré kọjá òpin rọ́nwéè ní Teterboro kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú kọnkéré yẹn bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀, ó dúró, àwọn mẹ́wàá tó wà nínú rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ibi tó ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀ dọ́gba nìyẹn, nítorí pé kì í béèrè ohun tó gbé bàálù débẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Houston

Ó wù mí kí a rántí àwọn tó yọ pẹ̀lú. Goldstein kò lò tó ọdún kan sí i láyé, ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2009. Barker kò wọ bàálù mọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá, àfi ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Mo ti wẹ egbò àwọn tó jóná rí, mo mọ ohun tí ọdún mẹ́tàlá túmọ̀ sí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bàbá Fọkanáísà

Ọlọ́run á tu gbogbo wọn nínú. Mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ni ẹ sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ló yẹ kí wọ́n ti yọ táyà yẹn sọnù?

Mẹkáníìkì Àgbà

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ, Bàbá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ ẹ títí di ọjọ́ kẹjọ, ó ti lọ sílẹ̀ ju ohun tí ìwé ìtọ́jú bàálù náà gbà láyè, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá Fọkanáísà

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tó ọjọ́ mẹ́tàlá mìíràn, nígbà náà, tí ẹnìkan ì bá fi géèjì kàn án.